Akọ̀wé Ọlọ́jà Tuntun ní Òkè-Ògùn

Nígbà tí àwọn tí ó mọ̀wé kò tíì pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń rí akọ̀wé kan lẹ́bàá ilé ẹjọ́ tàbí ilé ìfìwéránṣẹ́, pẹ̀lú tábìlì, àga àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ẹni tí ó fẹ́ kọ̀wé ẹ̀sùn sí ìjọba, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọn a sọ tẹnu wọn ní Yorùbá, òun a sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé ohun tí wọ́n sọ gan-an ni ó kọ? Wọn kò lè mọ̀. Nítorí èyí ni ìjọba amúnisìn fi ṣe òfin tí ó dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé: ẹni tí ó bá bá wọn kọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á sí wọn létí, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i.

Akọ̀wé náà ti padà dé. Kọ̀ǹpútà ni tirẹ̀ báyìí, ilé ara rẹ̀ ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Láti 2001 tí fóònù alágbèéká ti GSM ti dé Nàìjíríà, kò di dandan mọ́ kí ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ yìí kúrò ní Tẹ̀dé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ ATISBO, kí ó tó rí i ṣe. Òun ni ó ń kọ́ ìkànnì ayélujára fún oníṣòwò kékeré, òun náà ni ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó tí yóò wà níbẹ̀. Kò ní ọ̀gá, kò sì ní owó oṣù.

Ohun mẹ́ta ni ìkànnì ní: orúkọ, àyè tí a yá sórí kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, àti ojú-ewé tí àwọn ènìyàn ń wò. Èyí tí ó kẹ́yìn ni gbogbo ayé ń rí, ṣùgbọ́n orúkọ ni ẹjọ́ wà. A kì í ra orúkọ ìkànnì títí ayé. Ọdọọdún ni a sábà máa ń san owó rẹ̀. Ní Nàìjíríà, àjọ tí a ń pè ní NiRA ni ó ń bójú tó àwọn orúkọ tí ó parí sí .ng. Nígbà tí a bá fẹ́ gba orúkọ náà, a óò béèrè ẹni tí ó ni ín. Akọ̀wé a bi ìyá ẹlẹ́lùbọ́ léèrè pé, “Màmá, orúkọ ta ni ká fi sí i?” Ìyá a ní, “Ọmọ mi, ṣe é bí o ti mọ̀ ọ́n ṣe.” Ó rọrùn nígbà náà kí akọ̀wé fi orúkọ tirẹ̀ sí i, kí ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé sì wà lọ́wọ́ òun nìkan. Kì í ṣe olè ni ó fẹ́ jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí lọ sí ìlú òyìnbó ńkọ́? Bí ìjà bá dé lórí owó ńkọ́? Ìyá yóò wá rí i pé ṣọ́ọ̀bù tí òun fi owó ara òun kọ́, orúkọ bíríkìlà ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọ tí ń kiri àkàrà kì í sọ orúkọ ìyá rẹ̀ kí ó tó sọ pé àkàrà gbóná. Ohun tí oníbàárà ń wá ni ó kọ́kọ́ ń ké. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ni kò mọ èyí. Ìtàn ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ńláńlá ni wọ́n fi ń parí. Ẹni tí ó ń polówó aṣọ òfì fún ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ètù yàtọ̀ sí àlàárì, àti pé òwú tí kòkòrò ta ni a fi ń hun ojúlówó sányán. Bí ó bá pe aṣọ tí a fi òwú ilé iṣẹ́ hun ní ojúlówó sányán, ahunṣọ ni yóò jẹ́jọ́ irọ́ náà, kì í ṣe òun.

Àmì ohùn tún ńkọ́? Alágbẹ̀dẹ tí ìkànnì rẹ̀ kọ “A n ta oko”, kí ni ó ń tà: oko, ọkọ́, ọkọ̀, tàbí ọkọ? (Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ìbá tètè tà.) Kọ̀ǹpútà lè kọ ẹ, ọ àti ṣ, ṣùgbọ́n àmì ohùn tí ó bá gun orí ẹ tàbí ọ, a ní láti so ó mọ́ lẹ́tà náà lọ́tọ̀ ni, bí irú lẹ́tà tí a lò kò bá dára, àmì náà á máa fò kiri. Akọ̀wé tí ó mọṣẹ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kí ó tó sọ pé iṣẹ́ parí.

Ní ti owó, ìṣòro wà. Iṣẹ́ tí a kò fọwọ́ bà a máa dà bí eré lójú ẹni tí yóò sanwó, àwọn ẹbí a sì máa fẹ́ ọ̀fẹ́. Nítorí náà ni àwọn tí ó gbọ́n fi ń gba ìdajì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ àdéhùn sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí àwọn aládùúgbò nìkan ń bá rajà lè máà nílò ìkànnì rárá; fóònù ti tó o. Akọ̀wé tí ebi ń pa kì í fẹ́ sọ èyí.

Ṣùgbọ́n ká ní ìyá ẹlẹ́lùbọ́ nílò rẹ̀, nítorí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní Ìbàdàn àti Èkó. Akọ̀wé parí iṣẹ́, ó gbé fóònù lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ń ka gbogbo rẹ̀ sí i létí ní Yorùbá, bí òfin àtijọ́ ti wí. Ó dé ibi tí ó ti kọ pé èlùbọ́ náà funfun báláú. Ìyá dá a dúró. “Ọmọ mi, láfún lo kọ yẹn. Èlùbọ́ iṣu ni mo ń tà.” Akọ̀wé jókòó sórí àpò, ó sì pa ìlà náà rẹ́.