Ìṣó Kò Yẹ Aṣọ Àgbà



Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Àgbómẹ̀ ti ń fi aṣọ ara ògiri sọ ìtàn ọba wọn: kìnnìún ni ti Glèlè, ẹfọ̀n ni ti Ghezo. Ní ilé tiwa náà, a ti ń fi ẹtù àti sányán àwọn baba wa ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ìṣó tí a fi ń kàn wọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Aṣọ òfì wúwo. Ibi tí ìṣó gún ni gbogbo ẹrù rẹ̀ ń fà, títí òwú yóò fi já. Òwú sányán gidi sì ti ṣọ̀wọ́n.

Àpò ọ̀pá ni kí ẹ rán sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ̀hìn rẹ̀. Ẹ wá gé òmíràn, íńṣì 9 ní fífẹ̀, kí ó kúrú díẹ̀ ju ìbú aṣọ náà lọ, kí orí ọ̀pá lè yọ níhà méjèèjì. Ẹ ṣẹ́ ẹ po bí ibi tí a ń ki okùn ṣòkòtò sí, kí ẹ fi ọwọ́ rán an mọ́ ẹ̀hìn, lókè àti nísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ yọ síwájú. Ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ dẹ̀, kí ọ̀pá má baà ta iwájú aṣọ jáde. Ọ̀pá ni ìṣó yóò máa gbé.

Àwọn kan ń fi ojú òfì dábùú. Nígbà náà, òwú tí a fi rán wọn pọ̀ ni yóò máa ru gbogbo èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Òòró ni kí ó wà, sára ògiri tí oòrùn kò dé, nítorí oòrùn a máa ṣá aró.