Kòtò Kékeré Ni Kí A Tètè Dí

Ọ̀rọ̀ títì àdúgbò ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àwọn kan lè bèèrè pé, kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kòtò? Ó kàn wá púpọ̀. Kòtò ló ń jẹ táyà ọkọ̀ wa. Kòtò ló ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà títí aago ìwọṣẹ́ fi ń kọjá, tí wọ́n sì ń gé owó wa. Owó oṣù tí a jà fún ni kòtò ń gbà padà lọ́wọ́ wa.

Kí ló ń ba títì jẹ́? Omi ni àkọ́kọ́. Òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn àti ọ̀dà ni wọ́n pò pọ̀ sí ojú títì; nínú 100 kìlò rẹ̀, ọ̀dà kò ju bíi kìlò 5 lọ. Òrùlé ni ojú títì yìí jẹ́ fún yangí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí oòrùn bá gbẹ ọ̀dà, ojú títì a là. Omi òjò a gba ibẹ̀ wọlé, yangí a rọ̀, táyà a tẹ̀ ẹ́, kòtò dé nìyẹn. Bí gọ́tà bá sì dí, omi kò ní kúrò lójú títì.

Ẹrù wíwúwo ni ìkejì. Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Illinois ní Amẹ́ríkà láti 1958 sí 1960 fi hàn pé bí ẹrù orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí títì ń rí a tó bíi ìlọ́po 16. Ẹ̀yin onítìpà, ẹ má fi títì àdúgbò ṣe ọ̀nà àbùjá.

Ìkẹta ni ìwà ọmọ ènìyàn. Dísẹ́ẹ̀lì àti bẹntiróòlù ń yọ́ ọ̀dà. Iná táyà ń jó o. Àwọn kan tún ń gbẹ́ ihò sójú títì láti ri òpó àtíbàbà ìnáwó, wọn kì í sì í dí i.

Kékeré la ti ń pèèkàn ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Ìlú tó mọ iṣẹ́ a máa fi ọ̀dà gbígbóná dí ojú lílà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì máa kó gọ́tà kí òjò tó dé. Bí ó bá ti di kòtò, wọn a gé etí rẹ̀ gún, wọn a kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, wọn a fi ọ̀dà pa á lára, wọn a da àpòpọ̀ gbígbóná sí i, wọn a sì fi róólà tẹ̀ ẹ́. Yanrìn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí a ń dà sí i, òjò kan ló ń gbé e lọ.

Ta ló ni iṣẹ́ yìí? FERMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ló ń tún títì ìjọba àpapọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi títì àdúgbò àti gọ́tà sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Kò yẹ kí wọ́n tún ti ẹ̀bi sí ẹlòmíràn lọ́rùn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yan ènìyàn méjì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ orúkọ títì, iye kòtò àti gọ́tà tó dí sílẹ̀. Kí akọ̀wé ẹ̀ka fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ kí oṣù Kẹta tó dé, kí ó sì gba ìbuwọ́lù pé ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kí àwa náà kó gọ́tà iwájú ilé wa.

Wọ́n ń yọ owó orí kí owó oṣù wa tó dé ọwọ́ wa. Bí ìjọba kò ti gbàgbé láti gbà á, kí àwa náà má gbàgbé láti bèèrè iṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.