Ẹ̀tanú Akọ àti Abo: Ǹjẹ́ Ó Kan Ọkùnrin Pẹ̀lú?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò yìí kò ṣàjèjì sí ilé ẹnikẹ́ni. Òun ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tanú akọ àti abo. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kí a fojú tín-ín-rín ẹnì kan, kí a fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, tàbí kí a di ẹrù tí kò tọ́ sí i lé e lórí, kìkì nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, tàbí kìkì nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin. Kì í ṣe ìwà ipá ńláńlá tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ti ojoojúmọ́ ni: ti inú ọkọ̀, ti inú ọjà, ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti àgọ́ ọlọ́pàá. Ìbéèrè tí ó ń fa àríyànjiyàn ni pé: ǹjẹ́ obìnrin nìkan ni ìyà yìí ń jẹ, àbí ọkùnrin náà ní ìpín nínú rẹ̀?

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà fò lókè lásán, ẹ jẹ́ kí a mú un sọ̀kalẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò wà. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí a kà níbẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí èrò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Onírúurú ẹ̀yà ni ó ń gbé ibẹ̀ pọ̀. Ohun tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó ṣòro kí ó má máa ṣẹlẹ̀ níbòmíràn.

Kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣe gbólóhùn asọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn ọlọ́pàá sì tì í mọ́lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ta aṣọ ní ọjà Ìkòtún. Obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń san owó orí, gbogbo ọjà ni ó sì mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́. Ó sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá láti ṣe oníduró fún àbúrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún un: "Màmá, ẹ lọ mú ọkùnrin wá." Títí tí wọn yóò fi rí ọkùnrin tí yóò dúró, ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ti mọ́. Ta ni wọ́n fi àbùkù kàn? Obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó sun orí sìmẹ́ńtì fún òru mẹ́ta? Ọkùnrin ni. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní oníduró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Bí ó ti wù kí ó rí, àṣà tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kì í tètè gbọ́ ohùn òfin.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ilé gbígbé rí. Obìnrin tí ó ń fi owó ara rẹ̀ wá ilé ní Ẹgbẹ́dá kò ní pẹ́ kí ó tó gbọ́ ìbéèrè onílé: "Ọkọ yín ńkọ́?" Bí kò bá ní ọkọ, wọn á ní oníwàkuwà ni. Nítorí náà, àwọn mìíràn a máa bẹ àbúrò wọn ọkùnrin pé kí ó wá bá wọn dúró níwájú onílé. Orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ni yóò wà lórí ìwé owó ilé. Bí gbèsè bá dé lẹ́yìn ọ̀la, ilẹ̀kùn ọkùnrin tí kò sùn nínú yàrá náà rí ni wọn yóò kàn. Èyí náà fi hàn pé ìwọ̀sí tí a fi lọ obìnrin kì í dúró lọ́dọ̀ obìnrin nìkan.

Nínú òfin pàápàá, ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ fún obìnrin tí ó ti lọ́kọ pé kí ó mú ìwé ìyọ̀ǹda ọkọ rẹ̀ wá kí ó tó lè gba ìwé ìrìnnà, bí ẹni pé ọmọdé ni. Ní ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Port Harcourt dá a lẹ́jọ́ pé àṣà yìí lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, nítorí pé ẹsẹ 42 nínú ìwé òfin ọdún 1999 kò fàyè gba kí a ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí pé ó jẹ́ akọ tàbí abo. Síbẹ̀, nínú ìwé òfin kan náà, ẹsẹ 26 sọ pé obìnrin àjèjì tí ó bá fẹ́ ọmọkùnrin Nàìjíríà lè forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ Nàìjíríà. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin àjèjì tí ó bá fẹ́ ọmọbìnrin Nàìjíríà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin ní Àbújá dìbò lòdì sí àbá tí ó fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe. Àwọn obìnrin kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin láti fi ẹ̀hónú hàn. Bí a bá wo òfin yìí dáadáa, ojú kan ṣoṣo kọ́ ni ó ní. Ó rẹ ọmọbìnrin Nàìjíríà sílẹ̀, nítorí pé kò lè fún ọkọ rẹ̀ ní ohun tí arákùnrin rẹ̀ lè fún ìyàwó tirẹ̀. Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ó sọ ọkọ náà di àlejò nínú ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti jẹ́ onílé.

Ẹrù mìíràn tún wà tí ó jẹ́ pé orí ọkùnrin gan-an ni a gbé e kà. Láti kékeré ni a ti ń sọ fún ọmọkùnrin pé ọkùnrin kì í sunkún. Bí ó bá fara pa, "Ṣé obìnrin ni ọ́ ni?" ni ọ̀rọ̀ ìtùnú tí yóò gbọ́. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé èébú kan náà ni ó ń ba ẹni méjì: ó sọ obìnrin di ohun ìtìjú, ó sì gba omijé lójú ọkùnrin. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò dàgbà tí kò ní lè sọ fún dókítà pé ara ń dun òun. Òun náà ni iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì máa wọṣọ jáde láràárọ̀ bí ẹni tí ó ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé a ti kọ́ ọ pé ọkùnrin tí ìyàwó ń bọ́ kì í ṣe ọkùnrin mọ́.

Àwọn ìwé ìròyìn a máa jábọ̀ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tí ó ń wáyé ní kóòtù ìbílẹ̀ tí ó wà ní Ìgándò. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ó ti wá síbẹ̀ láti sọ pé ọkọ ń na àwọn. Àwọn ọkọ náà ti wá síbẹ̀, tí wọ́n sọ pé ìyàwó ń na àwọn. Ẹ̀rín ni àwọn ará àdúgbò sábà máa ń fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rín. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó lórí ìwà ipá inú ilé, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007, kò yọ ọkùnrin sílẹ̀ nínú àwọn tí ó lè wá ààbò. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 tí ó de ìwà ipá sí ènìyàn sì gbà pé a lè fi ipá bá ọkùnrin náà lò pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sáré tọ òfin lọ nígbà tí ó mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pàdé òun lójú ọ̀nà?

Kí a tún wo ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́. Ní ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá jẹ́ gómìnà, fọwọ́ sí i pé kí òṣìṣẹ́ ọba tí ó jẹ́ ọkùnrin máa gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 10 nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 ní ọdún 2021. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n baba tí ó bá pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn jáde sí ìta ní Ìgándò, wọn á ní ìyàwó rẹ̀ ti fún un ní oògùn jẹ. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá nìkan ni yóò máa jí lóru, baba yóò sì di àlejò lójú ọmọ tirẹ̀.

Àwọn obìnrin kan yóò bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn yóò ní kò sí bí ẹni tí ó mú pàṣán lọ́wọ́ ṣe lè máa ké pé ẹgba ń dun òun. Ìbínú wọn ní ìdí. Òtítọ́ ni pé pàṣán a máa bó ọwọ́ ẹni tí ó mú un, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó bó kò tó ẹ̀yìn tí ó lé. Nínú ìbò ọdún 2023, obìnrin mẹ́ta péré ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tí ó ní ìjókòó 109. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìdíátù Adébùlé, tí ó ń ṣojú Ìwọ̀-oòrùn Èkó, níbi tí Alímọ̀ṣọ́ wà. Títí di ìbò ọdún náà, kò sí obìnrin kan tí a dìbò yàn sípò gómìnà rí ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ìyà náà dọ́gba kò sọ òtítọ́. Ẹni tí ó bá sì ní kò kan ọkùnrin rárá, kò tíì wo àárín ilé dáadáa.

Àwọn mìíràn yóò ní àṣà Yorùbá ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ẹ jẹ́ kí a bi èdè Yorùbá léèrè. "Ó" ni a fi ń pe akọ, "ó" náà ni a fi ń pe abo. Nígbà tí a bá ní "ẹ̀gbọ́n" tàbí "àbúrò", ọjọ́ orí ni a ń wí, kì í ṣe akọ tàbí abo. Ọ̀mọ̀wé Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí dúró lórí irú ẹ̀rí báyìí nínú ìwé The Invention of Women tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Àríyànjiyàn rẹ̀ ni pé ipò àgbà ni ó ń darí àwùjọ Yorùbá kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ àti abo. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, nítorí pé ohun tí èdè kò yà sọ́tọ̀, ìṣe lè yà á. Síbẹ̀, àwọn àgbà kan náà tí a ń fi ọ̀rọ̀ wọn gbèjà ẹ̀tanú ni ó sọ pé bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kò jìnnà. Ta ni ó ń gbá kíláàsì, ta ni ó sì ń ru àga? Kí ni ó dé tí olórí kíláàsì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọkùnrin, tí igbákejì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọbìnrin? Kí ni ó dé tí a fi ń lu ọmọkùnrin kíkankíkan fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi ẹnu lásán bá ọmọbìnrin wí lé lórí? Inú irú nǹkan kéékèèké báyìí ni ẹ̀tanú ti ń hù. Olùkọ́ tí ó bá jẹ́ kí ọmọkùnrin gbálẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí ọmọbìnrin darí ẹgbẹ́ rẹ̀, ti ṣe ohun tí òfin nìkan kò lè ṣe.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ìjíròrò yìí ni pé ẹ̀tanú kan ọkùnrin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkùnrin lè gbà sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀ kì í ṣe kí ó máa bá obìnrin du ta ni ìyà jẹ jù. Ọjọ́ tí a bá gbà pé ẹ̀gbọ́n obìnrin tó oníduró ní àgọ́ ọlọ́pàá ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yóò tó sun ilé.