Ráàpù Pẹ̀lú Jẹ́ Ewì
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ajah)



Ọ̀ràn tí ẹ gbé lé wa lọ́wọ́ ni bóyá ó yẹ kí á gba ráàpù láàyè nínú ìdíje ewì àwọn ọmọ wa, tàbí kí á tì í síta. Àwọn àgbà kan ní ariwo lásán ni. Èrò tiwa ni pé ewì ni, bí a bá fi etí ewì gbọ́ ọ.

Àdúgbò Bronx ní ìlú New York ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, níbi àríyá tí Kool Herc, ọmọ Jàmáíkà, ti ń lo àwo orin. Lọ́dọ̀ tiwọn, kí ìparí ìlà méjì dún bákan náà jẹ́ olórí ẹwà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dagrin gbé àwo C.E.O. jáde ní 2009, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, tí Olamide ọmọ Bariga sì gbé Rapsodi jáde ní 2011, èdè Yorùbá gba ipò ńlá nínú iṣẹ́ náà, ó sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè wa ní ohùn. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà létí wa, bí lẹ́tà wọn tilẹ̀ bára mu. Ẹni tó mọṣẹ́ a máa fi ìyàtọ̀ yẹn dárà. Ẹ jẹ́ kí á dá àpẹẹrẹ tiwa: “Ọkọ̀ kún títì, ọkọ́ dípẹtà nílé.” Ìfọ̀rọ̀dárà nìyẹn, gbólóhùn adọ́gba sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó ti há sójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ rí, tí ó sì rántí ilẹ̀ oko tí ó ti di ilé alájà, kò nílò àlàyé.

Ti ìyangàn ńkọ́? Ẹ lọ gbọ́ onísùn-ún ìjálá nígbà tí ó bá ń pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níjà!

Wọ́n ní ìsọkúsọ pọ̀ nínú ráàpù. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni kò tí ì gbọ́ orin ọdún Òkèbàdàn? Àléébù tí ó dùn wá jù ni ti àwọn tí ń sáré gbé ohùn mì kí wọ́n lè bá ìlù lọ, títí ọkọ fi di ọkọ̀. Onídùndún kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láti Lekki dé Sàngótẹ̀dó, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nílé àti nílé-ìwé. A ti rí èyí tí kò lè ki oríkì ilé bàbá rẹ̀, tí ó sì mọ ogún ìlà ráàpù Yorùbá lórí. Ibi tí èdè wa ti bá a pàdé nìyẹn.

Nítorí náà a dábàá pé kí á gbà wọ́n láàyè lọ́dún tí ń bọ̀: kí iṣẹ́ jẹ́ ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, kí ó jẹ́ Yorùbá, kí á sì fún ohùn tí ó pé ní máàkì. Kí ìyá àgbà kan tí ó mọ oríkì dáradára jókòó láàárín àwọn adájọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́ kan tí ó mọ ráàpù.