Ẹ̀rọ Ò Lè Nàró fún Wa



Ta ni ẹ̀yìn ò dùn rí nínú wa? Télọ̀ ni màámi. Alaalẹ́ ni wọ́n máa ń ní kí n bá àwọn fi ìpara ra ẹ̀yìn.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo yá ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi nílé ìwé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Accelerometer ló wà nínú ẹ̀, irú èyí tó ń jẹ́ kí ojú fóònù yín yí tẹ́ ẹ bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ó kọ́kọ́ jókòó dáadáa kó lè mọ bó ṣe yẹ. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, á gbọ̀n bíi fóònù. Irú ẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ tàbí apá, tó ń ka iye ìgbà téèyàn ṣe eré ìdárayá.

Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ màámi lẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé kí n má ránṣọ mọ́ ni?" Ìgbà yẹn ni mo tó wò ó dáadáa. Gílóòbù wà lẹ́yìn wọn, òjìji wọn ló ń bo aṣọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ̀ kí wọ́n tó ríran. A gbé gílóòbù síwájú, a sún àga mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Gbígbọ̀n ẹ̀ dínkù. Mo ti dá ẹ̀rọ padà fólówó. Gílóòbù ṣì wà níwájú.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹ̀rọ lè sọ pé a tẹ̀, kò lè sọ ohun tó ń tẹ̀ wá. Kò sì mọ ìrora. Bí ẹ̀yìn dídùn bá ń já lọ sẹ́sẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń kú, tàbí tí ìtọ̀ ò ṣe é mú mọ́ra, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ kíá. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe, kí físíò kọ́kọ́ kọ́ ọ ní eré ìdárayá kó tó máa dá a ṣe nílé.

Tí ò bá sówó ẹ̀rọ, álàmù fóònù wà. Kó máa dún ní ìṣẹ́jú 30 síra. Ẹ dìde, ẹ na apá, ẹ rìn díẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi: ká máa dìde nàró lẹ́ẹ̀kan láàárín ìpàdé wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ wo ibi tí òbí yín ń jókòó ṣiṣẹ́. Ìlera loògùn ọrọ̀.