Ta Ni Yóò Sọ Àbùkù Rẹ Fún Ọ?

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba tí ó dá ènìyàn tí ó sì fún un ní làákàyè. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (ṣ.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ pátá.



Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ wo pápá bọ́ọ̀lù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í bá ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni ó ń dúró sí. Síbẹ̀, òun ni ó ń rí àṣìṣe tí agbábọ́ọ̀lù kò rí.

Àwọn òyìnbó ti sọ irú ìtọ́sọ́nà yìí di iṣẹ́. Ní ọdún 1992, John Whitmore, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti jẹ́ awakọ̀ ìdíje rí, gbé ìwé jáde lórí rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ni ìpìlẹ̀ ọ̀nà náà: Kí ni o ń lépa? Ibo ni o dúró sí báyìí? Àwọn ọ̀nà wo ni ó ṣí sílẹ̀ fún ọ? Kí ni ìwọ yóò ṣe?

Ẹ má ṣe rò pé àjèjì ni èyí nínú Islam. Imām Ahmad gba hadīth kan wá láti ọ̀dọ̀ Abū Umāmah pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (ṣ.a.w.) wá pé kí ó yọ̀ǹda zinā fún òun. Àwọn ènìyàn jágbe mọ́ ọn. Ànábì ní kí ó súnmọ́ òun. Ó bi í léèrè bóyá yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, fún arábìnrin rẹ̀, àti fún àwọn arábìnrin bàbá àti ìyá rẹ̀. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé rárá. Ànábì wá gbé ọwọ́ lé e, ó ṣe àdúà fún un, kò sì yíjú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìbéèrè ni ó fi tọ́ ọ, kì í ṣe èébú.

Èmi gan-an jẹ̀bi níbí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìmáàmù, ọmọkùnrin kan sọ fún mi lẹ́yìn ìrun pé òun kò lè jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́. N kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìyà iná ni mo kà fún un títí ó fi dìde. N kò rí i ní mọ́sálásí wa mọ́. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n bí mo ti sọ ọ́ ni ó lé e lọ. Ó ń dùn mí títí di òní.

Imām al-Ghazālī, tí ó kú ní ọdún 1111, ka ọ̀nà mẹ́rin tí ènìyàn lè gbà mọ àbùkù ara rẹ̀. Èkínní, kí ó jókòó ti olùkọ́ tí ó mọ àrùn ọkàn. Èkejì, kí ó ní ọ̀rẹ́ olódodo tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, kí ó fetí sí ohun tí ọ̀tá ń sọ, nítorí ọ̀tá kì í bo àṣìṣe ẹni. Ẹ̀kẹrin, kí ó bá ènìyàn ṣe pọ̀. Ìwà tí ó bá kórìíra lára ẹlòmíràn, kí ó wá a lára ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń gbowó ní gbọ̀ngàn, tí ń ṣèlérí ọrọ̀, ni olùtọ́sọ́nà. Olùtọ́sọ́nà rere a máa béèrè, a máa gbọ́, a máa pa àṣírí mọ́. Síbẹ̀, bí agbábọ́ọ̀lù bá kọ̀ tí kò sáré, kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ ṣe?

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí olúkúlùkù yín wá ẹnìkan tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ó sọ ìwà kan ṣoṣo tí ó fẹ́ tún ṣe fún un, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò tún rí ara wọn. Ẹ̀yin àgbà, bí ọ̀dọ́ bá tọ̀ yín wá, ẹ kọ́kọ́ ní kí ó jókòó. Bí ọmọkùnrin ọjọ́ náà bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ó padà wá. Àyè rẹ̀ ṣì wà ní sàfú wa.

Kí Allāhu fi àléébù wa hàn wá, kí Ó sì fún wa ní agbára láti tún un ṣe. Āmīn.