Wáyà Méjì Tí A Lọ́ Pọ̀

Bí ohùn mi bá há díẹ̀ lónìí, ẹ má bínú, ọyẹ́ Ìgbòho ló fà á. Òkè-Ògùn ni mo ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ fáyáwọ̀kì ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe bángà táwọn ọmọdé ń sọ sí wa lẹ́sẹ̀ nígbà Kérésìmesì o, èyí tí ọlọ́pàá ń kéde lọ́dọọdún pé àwọn ti fòfin dè, táwọn èèyàn sì ń tà lọ́dọọdún. Èyí ńlá ni mò ń wí, èyí tó ń gòkè lọ, tó ń bú bí òdòdó, tí gbogbo wa máa ń na fóònù sókè láti yà.

Ìsìnkú ìyá àgbà kan ni wọ́n torí ẹ̀ pè mí kí n wá ya fídíò. Àwọn ọmọ ìyá ti Èkó àti ìlú òyìnbó dé, wọ́n sì háyà ẹ̀gbọ́n kan tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ilẹ̀ gbalasa kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ agbègbè yẹn mọ bó ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́: ètè á là, koríko á gbẹ bíi bébà, èéfín igbó jíjó á máa rú lọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tí ẹ̀gbọ́n náà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí wọ́n ro gbogbo koríko àyíká ibẹ̀ kanlẹ̀, kí wọ́n sì pọn omi kún àwọn dúróòmù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Páìpù tirẹ̀ ni bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń wọ̀. Ẹ̀tù dúdú wà nídìí rẹ̀, bíi ti inú ìbọn ṣakabùlà àwọn ọdẹ. Òun ló ń ta á sókè. Láyé àtijọ́, èèyàn ló máa fi ọwọ́ ran okùn rẹ̀, á sì sá. Ní báyìí, e-match ni àwọn tó mọṣẹ́ ń lò. Ẹ sọ pé ìṣáná oníwáyà ni: wáyà méjì, wáyà mìíràn tó tín-ín-rín bí irun so orí wọn pọ̀, oògùn iná sì bo orí náà bíi ti ìṣáná. Tí iná bátìrì bá ti gba ibẹ̀, wáyà bí irun yẹn á gbóná, oògùn á gbiná, okùn á mú un, ẹ̀tù á gbé e lọ. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì wà lọ́nà jíjìn, nídìí àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Gbogbo wa rò pé ìgbà tó bá ń bú lókè ni ewu ẹ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n ní rárá, ìgbà tí òun bá tẹ̀ ba lé e lórí tí òun ń so wáyà ni. Wáyà yẹn kò mọ ọwọ́ tó fi iná sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lọ́ ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kì í bọ àpótí. Ẹ rántí bí súwẹ́tà ṣe máa ń ta tata tẹ́ ẹ bá ń bọ́ ọ lóru ọyẹ́. Iná nìyẹn, ó sì lè tó láti tan oògùn náà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù onínáílọ́ọ̀nù wá. Ó ní kó lọ pààrọ̀ ẹ̀ sí aṣọ òwú, kó sì máa fọwọ́ kan irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Wàyí o, èmi ńkọ́? Mo ti fi máìkì aláìlówáyà há ẹ̀gbọ́n láyà kí ẹ lè gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere. Fóònù méjì wà lápò mi. Bó ṣe na ọwọ́ sí wáyà àkọ́kọ́, ó wo àyà ara rẹ̀, ó dúró. Kò pariwo. Ó ní, "Àbúrò, yọ nǹkan yìí lára mi, kó o sì gbé fóònù ẹ lọ sínú mọ́tò." Fóònù kan lè má ṣe ohunkóhun lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà gígùn ń ṣe bí eríà rédíò, ó ń gba ohun tó bá ń fò kiri. Ojú tì mí gan-an ni.

Mo tún ṣe kinní kan. Èmi àti ẹbí jọ bẹ̀ ẹ́ pé kó sún un mọ́ kánópì, torí fídíò á dùn. Kò gbà. Ìlànà Amẹ́ríkà ló fi wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà 70 fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tí bọ́ọ̀lù fẹ̀. Oní-ínǹṣì mẹ́ta nìkan ti di 210. Bàbá kan béèrè bóyá irú ohun tó bú ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ní ọjọ́ 16 oṣù Kíní ọdún 2024 ni. Ẹ̀gbọ́n ní rárá o, Gómìnà Mákindé ti sọ pé ohun abúgbàmù àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ nìyẹn. Ó ní ti Jankara l'Éékòó ni kí wọ́n bi òun. Fáyáwọ̀kì tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé ló bú níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2012. Èèyàn kú, ọ̀pọ̀ farapa, àwọn ilé sì jóná.

Lálẹ́, ó dára jù bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ìyá arúgbó ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan kò lọ. Mo ti ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà kí n tó gbọ́ "Dúró!" Ó yọ kọ́kọ́rọ́ àpótí sápò, ó ní kí gbogbo wa jókòó. A jókòó pẹ́, a ń gbọ́ ìlù lọ́nà jíjìn, jọ̀lọ́ọ̀fù ń tutù. Lẹ́yìn náà, òun nìkan ló lọ, ó da omi sínú páìpù yẹn títí ó fi kún, ó tú wáyà rẹ̀ kúrò lára àpótí, ó sì lọ́ ẹnu méjèèjì pọ̀ padà.

Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ tí ẹ máa gbọ́ báyìí fi jìnnà díẹ̀. Láti inú mọ́tò ni mo ti gbà á sílẹ̀.